ỌKÁ ÀTI PARAMỌ́LẸ̀: ÌTÀN ÌWÁDÌÍ LÓRÍ EJÒ TÍ Ó JỌ ỌMỌ ÀDÀLÙ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó jọ ohun ni a fi í wé ohun. Èèpo ẹ̀pà jọ pósí ẹ̀lírí. Ọgbọ́n méjì ni ó wà nínú òwe yìí. Èkínní ni pé ìfiwéra ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá fi ohun kan wé òmíràn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkejì ni pé bí ó ti wù kí èèpo ẹ̀pà jọ pósí tó, kò sí káfíńtà tí ó kàn án. Ìjọra nìkan kò lè sọ fún ni bí ohun kan ti ṣe dé ayé.

Ó lé ní igba ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ti ń bá ọgbọ́n méjèèjì yìí yí, nígbàkúùgbà tí a bá mú ejò kan nínú igbó tí orí rẹ̀ jọ ti ẹ̀yà kan, tí ara rẹ̀ sì jọ ti ẹ̀yà mìíràn. Ìbéèrè mẹ́ta ni irú ejò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé dìde. Ṣé ọmọ àdàlù ni, tí baba rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òmíràn? Ṣé ẹ̀yà titun ni, tí ẹnikẹ́ni kò ì tí ì fún ní orúkọ? Tàbí ọmọ ilé kan náà ni, tí àwọ̀ rẹ̀ kàn yàtọ̀ sí ti ẹbí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àfín ti ń yàtọ̀ láàrin àwọn ọmọ ìyá rẹ̀? Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ẹ̀rí tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ń yí padà: láti orí àwọ̀ dé orí ìpẹ́, láti orí ìpẹ́ dé inú oró, láti inú oró dé inú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, nítorí pé ẹ̀mí ẹni tí ejò bù jẹ lè rọ̀ mọ́ ìdáhùn tí wọ́n bá rí.

Ejò méjì, ibùgbé méjì

Yorùbá mọ ejò, wọ́n sì mọ̀ wọ́n lórúkọ. Òwe kan tí ó gbajúmọ̀ sọ pé àìrìn pọ̀ ni ó ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí erè sì ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, kò sí ẹni tí yóò dúró. Ìṣọ̀kan ni a ń fi òwe yìí kọ́ ọmọ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ẹranko wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ̀ dájú pé ọká kì í ṣe paramọ́lẹ̀, pé paramọ́lẹ̀ kì í ṣe erè, àti pé olúkúlùkù wọn ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀.

Orúkọ ejò a máa yí díẹ̀ láti ìlú kan dé èkejì. Nínú àròkọ yìí, ọká ni ejò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bitis gabonica, paramọ́lẹ̀ sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Bitis arietans. Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì, èyí ni ó fà á tí orúkọ wọn ìṣáájú fi jẹ́ ọ̀kan. Wọ́n ki, wọ́n sì kúrú. Orí wọn fẹ̀ ju ọrùn wọn lọ. Wọn kì í sáré tọ ènìyàn, wọn kì í sì í yára sá fún un. Ibi tí wọ́n bá ká jọ sí ni wọn yóò dákẹ́ sí títí ẹsẹ̀ yóò fi tẹ̀ wọ́n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń bí ọmọ wọn láàyè, wọn kì í yé ẹyin bí erè.

Ṣùgbọ́n ibùgbé wọn yàtọ̀. Igbó ni ọká fẹ́ràn, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tí Ẹlẹ́dàá ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rẹ́gí bí aṣọ tí ahunṣọ fi ìṣirò hun, síbẹ̀ bí ó bá ti wọ inú ewé, ojú kò ní rí i mọ́. Eyín oró rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sì sí ejò olóró mìíràn tí eyín rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dàn àti pápá ni paramọ́lẹ̀ fẹ́ràn ní tirẹ̀. Ó tàn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì dé ilẹ̀ Arébíà pẹ̀lú, àfi inú igbó kìjikìji àti inú aṣálẹ̀ gidi ni kò ti wọ́pọ̀. Ìlà tí ó tẹ̀ bí orí ọfà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn láti ọrùn títí dé ìrù. Níbi tí igbó bá ti parí tí ọ̀dàn sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àwọn ejò méjì yìí lè pàdé. Ibi ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ọmọ àdàlù ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ìbaaka àti òfin tí ó fi sílẹ̀

Kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá pé ẹ̀yà méjì lè para pọ̀ bí ọmọ. Ìbaaka ni àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ẹṣin ni ìyá rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni baba rẹ̀. Ó ní agbára, ó ní sùúrù, ṣùgbọ́n kì í sábà bímọ. Láti ara ìbaaka yìí ni Buffon, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ti fa òfin kan yọ: bí ẹranko méjì bá gùn, tí ọmọ wọn kò sì lè bímọ, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Òfin náà rọrùn, ó sì wúlò, ṣùgbọ́n ó fi èrò kan sí ọkàn àwọn ènìyàn tí ó pẹ́ kí ó tó kúrò, èyí ni pé ọmọ àdàlù kò lè ní ìran lẹ́yìn. A óò rí i níwájú pé ejò kò tẹ̀lé òfin ìbaaka.

Ṣáájú Buffon, ohun tí àwọn ènìyàn ń gbà gbọ́ nípa ejò kò ní ààlà. Pliny ará Róòmù, tí ó kú ní ọdún 79, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ènìyàn gbà pé ẹja òkun kan tí ó gùn bí ejò a máa jáde sí etí òkun láti bá ejò gùn. Basil, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Kristi ní ọ̀rúndún kẹrin, mú ìtàn náà wọ inú ìwàásù rẹ̀, ó sì fi kọ́ àwọn obìnrin pé kí wọ́n ní sùúrù fún ọkọ tí ìwà rẹ̀ le. Ohun tí ó bí irú ìtàn yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ẹja náà jọ ejò. Wọ́n rí ìjọra, wọ́n sì ti orí ìjọra fo sí orí ìgbéyàwó.

Nígbà tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ lórí orírun àwọn ẹ̀yà jáde ní ọdún 1859, ó fi orí kan lódindi sọ̀rọ̀ ọmọ àdàlù. Ó fi hàn pé ògiri tí ó wà láàrin ẹ̀yà kan àti òmíràn kò ga bákan náà níbi gbogbo: àwọn kan kò lè bímọ pọ̀ rárá, àwọn kan ń bímọ tí ó yàgàn, àwọn mìíràn sì ń bímọ tí ó ń bímọ. Láti ìgbà náà ni kò ti tọ́ mọ́ kí a fi ìbaaka nìkan dá ejọ́ gbogbo ẹranko.

Àwọ̀ a máa tan ni

Ẹ̀rí tí ó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni àwọ̀. Àwọ̀ ni ojú ń kọ́kọ́ rí, òun náà ni ó sì ń tètè tan ojú jẹ. Ní ọdún 1758, Linnaeus ará Sweden fún paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní orúkọ Coluber berus. Vipera berus ni a ń pè é lónìí. Ejò yìí sábà máa ń ní ìlà wíwọ́ dúdú lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n dúdú láti orí dé ìrù. Linnaeus fún àwọn dúdú wọ̀nyí ní orúkọ tiwọn, Coluber prester, bí ẹni pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìwádìí ẹ̀yìn wá fi hàn pé ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà orúkọ kejì pa rẹ́.

Bí ọlọ́gbọ́n bí Linnaeus bá lè fi àwọ̀ sọ ẹ̀yà kan di méjì, kò yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ fi àwọ̀ sọ ejò kan di ọmọ ẹ̀yà méjì. Àfín wà nínú ejò. Adúláwọ̀ wà nínú ejò tí ó yẹ kí ó pọ́n. Ilà ẹ̀yìn lè já, ó lè dà pọ̀, ó sì lè parẹ́. Kò sí àdàlù kankan nínú gbogbo èyí. Bí a bá rí ejò tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò ni pé ìyá rẹ̀ lè bí i bẹ́ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba tí ó jẹ́ irú tirẹ̀.

Kíka ìpẹ́

Nígbà tí ó di ọ̀rúndún ogún, kíka ìpẹ́ ti di iṣẹ́ pàtàkì. Iye ìpẹ́ tí ó yí ara ejò ká, iye èyí tí ó tò sí ikùn rẹ̀, àti bí àwọn ti orí rẹ̀ ti tóbi tó, kì í yí bí àwọ̀ ti ń yí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, nítorí náà ejò tí iye ìpẹ́ rẹ̀ bọ́ sí àárín ààlà ẹ̀yà méjì ní ẹ̀rí tí ó lágbára ju àwọ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ lórí ejò oníṣaworo, èyí tí ń mi ìrù rẹ̀ kí ó lè dún bí ó bá ń bínú. Laurence Klauber, tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní San Diego, ni ó kó ìmọ̀ nípa wọn jọ sínú ìwé ńlá alápá méjì ní ọdún 1956. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1942, Reeve Bailey ti kọ̀wé nínú ìwé àtìgbàdégbà The American Naturalist lórí ejò oníṣaworo kan tí ó ní òun jẹ́ ọmọ àdàlù láàrin Crotalus horridus àti Sistrurus catenatus. Èyí ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu gan-an, nítorí pé àwọn òbí náà kì í ṣe ẹ̀yà méjì nínú ìdílé kan. Ìdílé wọn gan-an ni ó yàtọ̀. Ìpẹ́ orí wọn kò rí bákan náà: Sistrurus ní pẹpẹ ìpẹ́ ńláńlá mẹ́sàn-án lórí, Crotalus sì ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ púpọ̀. Ó ṣe kedere pé ìyàtọ̀ tí ènìyàn fi ń pín ẹranko sí ìdílé lè má dí ẹranko fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Ejò ilẹ̀ Zulu

Bí a bá ti ibẹ̀ padà sí Áfíríkà, a óò bá ọká àti paramọ́lẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù ni, kì í ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá. Igbó etí òkun tí ó wà ní ilẹ̀ àwọn Zulu, ní orílẹ̀-èdè South Africa, wà lára ibi tí ọká dé kẹ́yìn ní gúúsù. Igbó náà kò tóbi bí ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Pápá àti oko yí i ká, paramọ́lẹ̀ sì pọ̀ nínú pápá wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni igbó àti ọ̀dàn ti fara kan ara wọn.

Ní ọdún 1976, Donald Broadley, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ejò ìhà gúúsù Áfíríkà títí ó fi kú ní ọdún 2016, àti R. H. Parker jùmọ̀ tẹ àròkọ kan jáde nínú ìwé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Durban. Ohun tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ ni pé paramọ́lẹ̀ àti ọká ti gùn fúnra wọn ní ilẹ̀ Zulu, láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òwe Yorùbá kà sí ohun tí kì í ṣẹlẹ̀, pé kí ọká àti paramọ́lẹ̀ máa rìn pọ̀, ni ìwé yìí wá sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀.

Ó yẹ kí a wo bí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń dúró ní àkókò náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní. Èkínní ni ìrísí: kí ejò náà ní nínú iṣẹ́ ọnà ọká, kí ó sì ní nínú ìlà paramọ́lẹ̀. Èkejì ni ìpẹ́: kí iye rẹ̀ bọ́ sí àárín. Ẹ̀kẹta ni ibùgbé: kí ó jẹ́ pé ibi tí a ti mú un ni àwọn òbí méjèèjì ń gbé. Ẹsẹ̀ kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Bí a bá mú ejò kan ní ibi tí a kò ti rí ọká rí, bí ara rẹ̀ ti wù kí ó jọ ti ọká tó, ta ni yóò sọ pé ọká ni ìyá rẹ̀? Ọgbọ́n náà kò jìnnà sí ti ìdájọ́ ilé: kí a tó sọ pé ẹnì kan ni baba ọmọ, a ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ dé ìlú náà rí.

Ohun tí oró sọ

Oró ni ẹ̀rí tí ó tẹ̀lé ìpẹ́. Ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ejò oníṣaworo méjì ń gbé nítòsí ara wọn. Crotalus viridis fẹ́ràn pápá koríko; Crotalus scutulatus fẹ́ràn ilẹ̀ gbígbẹ oníṣùgbẹ́. Oró wọn kò rí bákan náà. Nínú oró scutulatus ti ìhà ibẹ̀ ni a ti ń rí májèlé kan tí ń bá iṣan ìmọ̀lára jà, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ aṣálẹ̀ Mojave pè. Viridis kò ní in. Ní ọdún 1990, James Glenn àti Richard Straight fi oró ṣe àmì ìdámọ̀ fún àwọn ejò tí ó jọ ọmọ àdàlù ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí ìrísí ejò bá wà láàrin méjì, tí oró rẹ̀ sì ní nínú ti àwọn méjèèjì, ẹlẹ́rìí ti di méjì.

Ìbéèrè kan wá ṣẹ́ kù tí ó le ju ti ìṣáájú lọ. Bí viridis bá lè gba májèlé líle yìí nípasẹ̀ àdàlù, ṣé kò ní tàn ká gbogbo ìran rẹ̀, tí ejò pápá yóò fi di ohun mìíràn? Ọ̀pọ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, nítorí pé ohun ìjà tí ó le yẹ kí ó ran ẹni tí ó ní in lọ́wọ́. Ní ọdún 2016, Giulia Zancolli, Wolfgang Wüster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ èsì ìwádìí wọn jáde. Wọ́n yẹ ìrísí wò, wọ́n yẹ oró wò, wọ́n sì yẹ DNA wò, èyí tí í ṣe àkọsílẹ̀ àbùdá tí ó wà nínú ara ohun alààyè gbogbo. Ohun tí wọ́n rí ni pé àdàlù pọ̀ gidigidi láàrin ejò méjèèjì, ṣùgbọ́n inú ọ̀já ilẹ̀ tóóró kan ni ó wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ àdàlù ní májèlé náà. Àwọn ọmọ tí ọmọ àdàlù tún bí pẹ̀lú òbí gidi sì ní in pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jìnnà sí ọ̀já ilẹ̀ náà, viridis kò ní in mọ́.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó ti ibẹ̀ jáde. Àkọ́kọ́ ni pé ejò kì í ṣe ìbaaka: ọmọ àdàlù rẹ̀ ń bímọ, ọmọ rẹ̀ náà sì ń bímọ. Èkejì ni pé bí ẹ̀yà méjì tilẹ̀ ń bímọ pọ̀ ní ààlà wọn, olúkúlùkù ṣì lè pa ara rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ààlà náà. Bí ará ìlú méjì bá ń fẹ́ ara wọn ní ẹ̀bá odò tí ó pín wọn níyà, ìyẹn kò sọ ìlú méjì di ọ̀kan.

Orúkọ tí ó ṣíwájú ẹ̀rí

Ní àwọn òkè Caucasus, ní ẹ̀bá Òkun Dúdú ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìdílé Vipera ní ẹ̀yà méjì tí ó kàn wá níbẹ̀. Vipera kaznakovi, tí Nikolsky fún ní orúkọ ní ọdún 1909, jẹ́ ejò igbó. Vipera renardi jẹ́ ejò pápá gbalasa. Ìtàn ọká àti paramọ́lẹ̀ náà ni èyí, ọ̀kan ní igbó, èkejì ní ọ̀dàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù ni.

Ní ọdún 2001, Tuniyev àti Ostrovskikh ṣe àpèjúwe ejò méjì láti agbègbè yìí, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ ẹ̀yà titun: Vipera magnifica àti Vipera orlovi. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Àwọn ejò náà yàtọ̀ sí àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà ní ibùgbé tiwọn. Nítorí pé agbègbè wọn kéré, wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun ń bá jà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2016, Oleksandr Zinenko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA wá orírun àwọn méjèèjì, èsì wọn sì ni pé láti inú àdàlù kaznakovi àti renardi ni wọ́n ti ṣẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí bí orúkọ ti wúwo tó. Òfin ìdáàbòbò sábà máa ń tẹ̀lé orúkọ ẹ̀yà. Bí a bá sọ pé ejò kan kì í ṣe ẹ̀yà mọ́, pé ọmọ àdàlù ni, àwọn kan yóò bèèrè ìdí tí a fi ń dáàbò bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ejò náà kò yí padà. Òun ni ó wà nínú igbó ní ọdún 2001, òun náà ni ó wà níbẹ̀ ní ọdún 2016. Ìmọ̀ ènìyàn ni ó yí. Ìdáhùn tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé àdàlù pàápàá jẹ́ ọ̀nà kan tí ẹ̀dá ń gbà dá ohun titun, àti pé àwùjọ ejò tí ó ti ń bímọ fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ tirẹ̀ yẹ fún ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ pé òbí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan tàbí méjì.

Èyí tí ojú kò rí

Gbogbo ejò tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó ní ohun kan lára tí ó mú kí a bèèrè. Ṣùgbọ́n ní gúúsù Florida, ní irà ńlá Everglades, wọ́n rí òdìkejì rẹ̀. Erè ilẹ̀ Burma, Python bivittatus, kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Òwò ẹran ọ̀sìn ni ó gbé e dé Amẹ́ríkà, àwọn kan sì bọ́ sínú irà, wọ́n ń bímọ, wọ́n sì ń pa àwọn ẹranko ilẹ̀ náà jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba mú erè bí 400 láàrin ọdún 2001 sí 2012, Margaret Hunter àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yẹ DNA wọn wò. Ní ọdún 2018 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ara, DNA oríṣi méjì ni ó wà: èyí tí a jogún lọ́dọ̀ baba àti ìyá, àti ìwọ̀n díẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìyá nìkan. Nínú erè tí wọ́n yẹ̀ wò, 13 ni ó ní DNA ìyá tí ó jẹ́ ti erè ilẹ̀ Íńdíà, Python molurus, nígbà tí ìyókù ara wọn ń sọ ìtàn erè Burma. Ẹni tí ó rí wọn nínú irà kò ní mọ̀. Erè Burma ni wọn lójú rẹ̀. Àwọn olùwádìí náà kò fi ẹnu wọn gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra: nínú àkọlé ìwé wọn gan-an, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí àdàlù ti wáyé. Ó lè jẹ́ pé kí àwọn erè náà tó bọ́ sínú irà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìṣọ́ra yìí yẹ ní àwòkọ́ṣe, nítorí pé ọ̀mọ̀wé tí ó bá mọ ìwọ̀n ẹ̀rí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń pẹ́.

Báyìí ni ìtàn náà ṣe yí po. Ejò dúdú ti Linnaeus ṣàjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò sí àdàlù nínú rẹ̀. Erè Florida kò ṣàjèjì lójú rárá, síbẹ̀ àmì àdàlù wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ti pa tì. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà sì bá jù ni àgbẹ̀, darandaran, ọdẹ, àti ọmọdé tí ń rin ọ̀nà oko. Oró ejò gidi ni a fi ń ṣe oògùn rẹ̀. A ó gún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ oró díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti í bá oró náà jà, lẹ́yìn náà ni a ó yọ ohun tí ń jà náà láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí a ń lò ní Nàìjíríà ni EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica. Oró ejò Nàìjíríà mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é: ti Echis, ejò kékeré tí ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Òkè Ọya; ti paramọ́lẹ̀; àti ti ejò dúdú tí ń tu oró sí ni lójú. Ọká kò sí nínú wọn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú lásán sọ pé ejò kan jẹ́ paramọ́lẹ̀, tàbí ọká, tàbí ọmọ àwọn méjèèjì, ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó lè dé ilé ìwòsàn. Oògùn kò mọ orúkọ tí a pe ejò. Oró tí a fi ṣe é nìkan ni ó mọ̀. Èyí ni ó fà á tí àwọn onímọ̀ fi ń fẹ́ mọ̀ bóyá oró ń ti ẹ̀yà kan bọ́ sínú òmíràn, tí wọn kò sì fi mọ sí orí àwọ̀ àti ìpẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ibi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, ọdún dé ọdún ni a sì ń gé igbó tí pápá ń gba ipò rẹ̀. Bí olùkọ́ ilé ìwé tàbí akẹ́kọ̀ọ́ bá bá òkú ejò tí ó ṣàjèjì pàdé lọ́wọ́ àgbẹ̀ tàbí ọdẹ, iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó ṣe kò pọ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí a pa á sílẹ̀, kí ó kọ orúkọ oko tàbí igbó náà, kí ó sì kọ irú ejò tí àwọn ará ibẹ̀ sábà máa ń rí. Kí ó ya àwòrán ẹ̀yìn, ikùn àti orí rẹ̀. Kí a gé díẹ̀ níbi ìrù rẹ̀ sínú ọtí líle tí kò ní omi púpọ̀, nítorí pé inú ẹran kékeré yẹn ni ìtàn baba àti ìyá rẹ̀ wà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, nítorí pé orí ejò tí a ti gé pàápàá lè bu ni jẹ. Ejò ààyè kì í ṣe ohun tí a ń mú fún ìwádìí ilé ìwé rárá.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí a sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ní ohun èlò, ọ̀rọ̀ tí ó ń parí sí àbá nígbà kan lè wá parí sí ẹ̀rí. Ìmọ̀ àwọn ọdẹ wa, tí wọ́n mọ ọ̀nà ejò kọ̀ọ̀kan, yóò wúlò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí DNA, nítorí pé àwọn ni wọ́n lè sọ ibi tí ọ̀nà ọká ti kọjá ti paramọ́lẹ̀. Ìrísí yóò bèèrè, ibùgbé yóò jẹ́rìí, oró àti ẹ̀jẹ̀ yóò sì dájọ́. Ejò tí àwọn ẹlẹ́rìí wọ̀nyí kò bá tíì sọ̀rọ̀ lé lórí, orúkọ kan ṣoṣo ni ó tọ́ kí a pè é: ejò tí a kò tíì mọ̀.